Yíyan Ọ̀pá Ìwọ̀ Gígùn fún Ẹja Muskie

ÌFÁÀRÀ

Iṣẹ́ ẹja pípa kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn tí ó ń gbé ní etí ọ̀sà àti ní bèbè odò ńlá ń fi àwọ̀n pẹja, wọ́n ń fi ìgèrè dẹ ẹja, wọ́n sì ń fi ìwọ̀ fà á jáde. Bí ọmọdé bá ń fi ìwọ̀ pẹja ní etí odò, ohun tí ó ń lò kò ju ọ̀pá oparun kan, okùn, ìwọ̀, àti ekòló tí ó fi ṣe ìjẹ. Bí ẹja bá ti gbé ìjẹ náà mì, ó di kí ọmọ náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, kí ẹja sì bọ́ sí orí ilẹ̀. Lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀pá ni ọ̀pá ń jẹ́. Bí kò bá ti ṣẹ́, ó tó.

Ṣùgbọ́n ní apá àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Minnesota àti Michigan, àti ní ilẹ̀ Kánádà tí ó bá wọn pààlà, ẹja kan wà tí gígùn ọ̀pá tí wọ́n fi ń mú un ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn láàrin àwọn apẹja. Orúkọ ẹja náà ni muskellunge, èyí tí wọ́n gé kúrú sí muskie. Kí ni ó dé tí àwọn tí ń wá ẹja yìí fi pa ọ̀pá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 tì, tí wọ́n sì ń lo èyí tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 9 tàbí 10? Ǹjẹ́ gígùn yìí ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, tàbí àṣà ìgbà lásán ni? Báwo sì ni ẹni tí ó fẹ́ ra ọ̀kan yóò ṣe mọ èyí tí ó bá a mu? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí kò lè yé ènìyàn bí kò bá kọ́kọ́ mọ irú ẹja tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

IRÚ ẸJA TÍ MUSKIE JẸ́

Ẹja omi tí kò ní iyọ̀ ni muskie, òun ni ó sì tóbi jù lọ nínú ẹbí rẹ̀. Àwọn adágún ńlá tí ó wà láàrin Amẹ́ríkà àti Kánádà, odò St. Lawrence, odò Ohio, àti apá òkè odò Mississippi ni ilé rẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Àwọn ará Ojibwe, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní àgbègbè náà kí àwọn Òyìnbó tó dé, mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti inú èdè wọn ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà òtútù, tí ojú adágún bá dì, wọn a lu ihò sí ojú yìnyín, wọn a sọ ẹja onígi tí wọ́n gbẹ́ sínú omi láti fi tan muskie sún mọ́ tòsí, wọn a sì fi ọ̀kọ̀ gún un. Ní 1955, ìpínlẹ̀ Wisconsin sọ muskie di ẹja tí ó jẹ́ àmì ìpínlẹ̀ náà. Ní ìlú Hayward ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, wọ́n kọ́ ère muskie kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 143 sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn apẹja. Àwọn àlejò a máa gba inú ère náà gòkè lọ dúró sí ẹnu rẹ̀, láàrin eyín. Èyí fi hàn pé ẹja yìí kì í ṣe ẹja lásán lójú àwọn tí ó ni ín.

Ara muskie gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bí ti pẹ́pẹ́yẹ, eyín inú rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí ní àárín ara bí ti ẹja púpọ̀. Ó sún sẹ́yìn títí dé ẹ̀bá ìrù. Ìdí nìyí tí ó fi lè ta jáde bí ọfà láti ibi tí ó lúgọ sí, láàrin koríko inú omi tàbí lábẹ́ igi tí ó wó sódò. Ẹja ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kọjá. Muskie tí ó bá gùn ju 50 íǹṣì lọ, ìyẹn mítà 1.27, ni àwọn apẹja ń fi ọdún púpọ̀ wá.

Nítorí pé òun ni ó ń jẹ àwọn yòókù, kò lè pọ̀ nínú adágún kan bí ẹja kéékèèké ti í pọ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn apẹja máa pè é ní ẹja tí à ń ju ìjẹ sí nígbà ẹgbàárùn-ún (10,000) kí á tó rí ọ̀kan mú. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń kọ́ni. Bí ènìyàn bá ń ju ìjẹ ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 8, yóò jù ú ní ìgbà 480 lójúmọ́. Bí ìjẹ náà bá wúwo tó gíráàmù 225, ẹrù tí apá rẹ̀ fi sọ̀kò láàárọ̀ dalẹ́ lé ní kìlógíráàmù 100. Ọ̀pá tí kò bá bá ara ẹni mu yóò ti dá irú apẹja bẹ́ẹ̀ lágara kí ẹja tó yọjú. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

ÌWÀ TÍ Ó MÚ KÍ Ọ̀PÁ GÙN

Ìwà kan wà lára muskie tí ó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ẹja púpọ̀ ni ó jẹ́ pé, bí ó bá rí ìjẹ, yóò gbé e tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Ti muskie kò rí bẹ́ẹ̀. A máa tẹ̀ lé ìjẹ láti ọ̀nà jíjìn, ní ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, láìfi ẹnu kàn án, títí ìjẹ náà yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Apẹja yóò máa wò ó nínú omi, ẹja náà yóò sì máa wo ìjẹ. Bí apẹja bá yọ ìjẹ kúrò nínú omi, tàbí tí ìjẹ náà bá dúró, ẹja yóò yí ìrù padà, ó di gbéré.

Nítorí náà, àwọn apẹja muskie kì í yọ ìjẹ kúrò nínú omi nígbà tí ó bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Wọn a fi okùn díẹ̀ sílẹ̀ láàrin ṣóńṣó ọ̀pá àti ìjẹ, wọn a ti ṣóńṣó ọ̀pá bọ inú omi, wọn a sì máa fi ọ̀pá náà kọ nọ́ńbà 8 tí ó fẹ̀ sínú omi, léraléra, bí olùkọ́ ṣe ń kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ìjẹ náà yóò máa yí lọ, yóò máa yí bọ̀, bí ẹja kékeré tí ó ń wá ibi tí yóò sá gbà. Ọ̀pọ̀ muskie ni ó jẹ́ pé ibi tí ìjẹ ti ń yí yìí, ní ìwọ̀nba mítà kan sí méjì sí ẹsẹ̀ apẹja, ni wọ́n ti ń gbé e.

Ibí yìí ni gígùn ọ̀pá ti ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ẹja tí ara rẹ̀ gùn ju mítà kan lọ kò lè ṣẹ́rí padà lójijì bí ìjẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí apẹja bá fi ọ̀pá kúkúrú kọ nọ́ńbà 8, igun rẹ̀ yóò há. Ìjẹ yóò yí, ṣùgbọ́n ẹja yóò tàsé, ojú rẹ̀ yóò sì kúrò lára ohun tí ó ń lé. Bí ọ̀pá bá gùn, igun náà yóò fẹ̀, ẹja yóò lè bá a yí láìsí wàhálà. Ọ̀pá gígùn tún ń jẹ́ kí ìjẹ lè wọ inú omi jinlẹ̀ sí i, kí ó sì jìnnà sí ara ọkọ̀ tí ó lè dẹ́rù ba ẹja. Ẹni tí ó bá rò pé nítorí kí ìjẹ lè lọ jìnnà nìkan ni wọ́n ṣe ń ra ọ̀pá gígùn kò tíì mọ ìdí ọ̀rọ̀. Mítà méjì tí ó gbẹ̀yìn ni ọ̀pá náà wà fún jù lọ.

BÍ Ọ̀PÁ ṢE GÙN DÉ IBI TÍ Ó GÙN DÉ

Kì í ṣe pé àwọn apẹja àtijọ́ kò gbọ́n. Títí di nǹkan bí 1980, ọ̀pá tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń wá muskie kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 ààbọ̀ sí 6 ààbọ̀ lọ. Ó nípọn, ó sì le gbagidi, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jọ igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Ìdí mẹ́ta ni ó mú un rí bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ìjẹ wọn, fífà ni wọ́n sì ń fà á ní gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Ọ̀pá kúkúrú tí ó le ni ó yẹ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé okùn ayé ìgbà náà máa ń nà bí a bá fà á, nítorí náà wọ́n rò pé líle ọ̀pá ni yóò jẹ́ kí ìwọ̀ lè wọlé sí ẹja lẹ́nu. Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá náà, ìyẹn gíláàsì tí a fà bí òwú tí a sì fi oje lẹ̀ pọ̀, wúwo. Bí wọ́n bá fi ṣe ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9 tí ó le tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ta ni yóò lè máa jù ú láàárọ̀ dalẹ́?

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà tí ọ̀pá tí a fi òwú kábọ́ọ̀nù ṣe jáde ní àwọn ọdún 1970. Kábọ́ọ̀nù fúyẹ́ ju gíláàsì lọ, ó sì le jù ú lọ. Ó wá ṣeé ṣe láti mú ọ̀pá gùn láìsọ ọ́ di ẹrù. Ní àwọn ọdún 1990, okùn tuntun tí a hun láti inú òwú tín-ín-rín tí ó lágbára gbalẹ̀. Okùn yìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ nà rárá. Nígbà tí okùn kò bá nà mọ́, ọ̀pá ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀, kí gbígbọ̀n orí ẹja má baà já ìwọ̀ kúrò. Ọ̀pá gígùn ni ó sì ní àyè láti tẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó tún di àárín àwọn ọdún 2000, ìjẹ onírun kan tí ó ní abẹ́ irin pẹlẹbẹ méjì tí ó tóbi, tí ń yí bí abẹ̀bẹ̀ nínú omi, di ohun tí gbogbo apẹja muskie ń wá. Ìjẹ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á bọ̀, omi yóò máa fà á padà gidigidi. Ọ̀pá kúkúrú kò rí i gbé sé dáadáa. Báyìí ni ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ti 8, tí ti 8 sì fi àyè sílẹ̀ fún ti 8 ààbọ̀ àti 9, títí tí ó fi kan ti 10.

OHUN TÍ GÍGÙN Ń FÚNNI ÀTI OHUN TÍ Ó Ń GBÀ

Yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, gígùn ọ̀pá tún wúlò ní ọ̀nà méjì. Lọ́nà kìn-ín-ní, ó ń ran jíjù lọ́wọ́. Bí apá ẹnì kan bá yí ọ̀pá méjì ní ìwọ̀n eré kan náà, ṣóńṣó ti ẹsẹ̀ bàtà 9 yóò sáré ju ti ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ ní ìdá méjì nínú méje, nítorí pé ọ̀nà tí ó ń rìn gùn jù. Eré tí ó pọ̀ jù yìí ni ó ń gbé ìjẹ lọ jìnnà. Lọ́nà kejì, bí ẹja bá gbé ìjẹ nígbà tí okùn ṣì dẹ̀, gbígbé ọ̀pá gígùn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò kó okùn púpọ̀ jọ, ìwọ̀ yóò sì gún ẹja lẹ́nu kí ó tó ráyè tu ìjẹ dànù.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń fúnni tí kì í gbà. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀pá gígùn já ọsàn rí mọ̀ pé ọsàn kan ṣoṣo ní orí ọ̀pá wúwo ju ọsàn mẹ́wàá nínú apẹ̀rẹ̀ lọ. Òfin kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí agbára tí ẹja fi ń fà bá wà ní ṣóńṣó ọ̀pá, bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni agbára náà yóò ṣe máa pọ̀ sí i ní ọrùn ọwọ́ apẹja. Nítorí náà, nígbà tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá gígùn ń ran ẹja lọ́wọ́ ju bí ó ṣe ń ran ènìyàn lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń ṣe ọ̀pá náà fi ń fi èèkù gígùn sí i, kí apẹja lè ti ìdí rẹ̀ sí abẹ́ apá tàbí sí ìbàdí, kí ó sì lè fi ọwọ́ méjèèjì jù ú.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Àwọn ìjẹ kan wà tí ó jẹ́ pé apẹja ní láti máa já ṣóńṣó ọ̀pá sísàlẹ̀ lemọ́lemọ́ kí wọ́n tó lè rìn bí ẹja tí ó fara pa. Bí ọ̀pá bá gùn jù, ṣóńṣó rẹ̀ yóò máa na ojú omi ní gbogbo ìgbà. Bákan náà, ó ṣòro fún ẹni tí ó dá nìkan wà nínú ọkọ̀ láti fi ọwọ́ kan gbé ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 10 dúró, kí ó sì fi ọwọ́ kejì na àwọ̀n sí ẹja. Bí ó bá wá gbé ọ̀pá dúró ṣánṣán sókè nígbà tí ẹja wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù lè ṣẹ́ ní apá òkè, níbi tí ó ti tín-ín-rín jù lọ.

BÍ A ṢE Ń YAN Ọ̀PÁ

Àwọn kan ń sọ pé bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni ó ṣe dára tó. Àwọn mìíràn ń sọ pé ìtànjẹ àwọn oníṣòwò ni. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò kún. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọ̀pá gbé yẹ̀ wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìjẹ tí yóò máa jù jù lọ. Fún ìjẹ kéékèèké tí kò wúwo ju àúńsì 3 lọ, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 85, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 ààbọ̀ sí 8 tí kò le jù yóò tó. Fún ìjẹ onírun alábẹ́ méjì, ti ẹsẹ̀ bàtà 8 ààbọ̀ sí 9 ààbọ̀ ni ó yẹ, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó ń tẹ̀ dé àárín. Fún àwọn ìjẹ ọlọ́rọ́bà ńláńlá, tí òmíràn nínú wọn wúwo tó ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, ọ̀pá tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 9 tí ó sì le gan-an ni kò ní jẹ́ kí ojú ti ẹni. Fún ìjẹ onígi tí à ń já sísàlẹ̀, kí apẹja padà sí ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8, kí ṣóńṣó rẹ̀ sì le.

Ohun kejì ni ara apẹja àti ìga ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ga, tí ó dúró sí orí ọkọ̀ tí ó ga sí ojú omi, nílò ọ̀pá gígùn kí ṣóńṣó rẹ̀ tó lè wọ inú omi bí ó ti yẹ. Ẹni tí kò ga, tàbí tí ó jókòó sínú ọkọ̀ kékeré tí ó súnmọ́ omi, lè rí i pé ti ẹsẹ̀ bàtà 8 ti ṣe gbogbo ohun tí òun ń fẹ́. Ẹni tí èjìká tàbí ìgbọ̀nwọ́ ń dùn kò gbọdọ̀ fi ìtìjú ra ohun tí ara rẹ̀ kò lè gbé. Bí a bá ṣe mọ là ń kú, olongo kì í kú tìyàn-tìyàn.

Ohun kẹta ni líle ọ̀pá àti bí ó ṣe ń tẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Líle rẹ̀ ni agbára tí yóò gbà kí ó tó tẹ̀. Bí ó ṣe ń tẹ̀ ni ibi tí ó ti ń tẹ̀, yálà ní ṣóńṣó nìkan tàbí títí dé àárín. Àwọn tí ó ṣe ọ̀pá máa ń kọ gígùn rẹ̀, líle rẹ̀, ìwọ̀n okùn tí ó yẹ ẹ́, àti ìwọ̀n ìjẹ tí ó lè jù sí ara rẹ̀, ní òkè èèkù gẹ́lẹ́. Lẹ́tà H dúró fún èyí tí ó le, XH sì dúró fún èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ra ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9 láìka ohun tí a kọ sí i lára lè rí i pé gígùn ni òun rà, kì í ṣe agbára.

Ohun kẹrin ni bí yóò ṣe gbé e àti ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí. Àpótí ọ̀pá inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò gba ẹsẹ̀ bàtà 9, ọkọ̀ ilẹ̀ kò sì gbà á. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣe àwọn ọ̀pá kan tí ìdí wọn lè wọ inú ara wọn, tí gígùn wọn yóò sì dín kù, àti àwọn mìíràn tí ó pín sí méjì. Ọ̀pá tí a fi sílẹ̀ sílé nítorí pé kò wọ ọkọ̀ kò ní ẹja kan tí yóò mú.

Ìdánwò kan wà tí ó rọrùn, tí kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ rajà de kẹ̀kẹ́ ìká-okùn tí yóò máa lò mọ́ ọ̀pá náà nínú ìsọ̀, nítorí ọ̀pá tí kò ní kẹ̀kẹ́ lára máa ń tan ọwọ́ jẹ. Kí ó di èèkù rẹ̀ mú, kí ó sì rọra kọ nọ́ńbà 8 ńlá sí òkè ilẹ̀ yàrá ní ìgbà 20. Bí ọrùn ọwọ́ bá ti ń dùn ún níbẹ̀, níbi tí kò ti sí omi, tí kò ti sí ìjẹ, tí kò sì ti sí ẹja, kí ó dá a padà, kí ó mú èyí tí ó kúrú sí i ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà.

Ọ̀PÁ ÀTI Ẹ̀MÍ Ẹja

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ju ọ̀rọ̀ ìtùnú apẹja lọ. Èdè Yorùbá ń pe iṣẹ́ yìí ní ẹja pípa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó ń wá muskie lónìí kì í pa á. Ó lè gba muskie ju ọdún 10 lọ kí ó tó gùn tó 50 íǹṣì. Adágún tí a bá ti kó irú ẹja bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kò lè tètè ní òmíràn. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Muskies, Inc., tí a dá sílẹ̀ ní Minnesota ní 1966, wà lára àwọn tí ó tan ẹ̀kọ́ náà kálẹ̀ pé kí á máa mú ẹja yìí kí á sì máa dá a padà sómi. Ní ọ̀pọ̀ omi ìpínlẹ̀ Minnesota, òfin sọ pé muskie tí kò bá tó 54 íǹṣì kò ṣeé mú lọ sílé.

Ọ̀pá wà lára ohun tí yóò sọ bóyá ẹja tí a dá padà yóò yè. Bí ọ̀pá bá gùn ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ìjà yóò pẹ́. Ẹja tí ó bá jà kọjá agbára rẹ̀ lè wẹ̀ lọ ní ojú apẹja kí ó sì kú ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún burú jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Bí omi bá gbóná tó Fahrenheit 80, ìyẹn nǹkan bí Celsius 27, ọ̀pọ̀ apẹja tí ó mọ iṣẹ́ máa ń fi muskie sílẹ̀ títí omi yóò fi tutù. Ẹni tí ó bá ní ọ̀pá tí ó le tó, okùn tí ó lágbára, àwọ̀n ńlá, àti ẹ̀mú gígùn tí yóò fi yọ ìwọ̀, lè tú ẹja sílẹ̀ nínú àwọ̀n láìgbé e kúrò nínú omi pẹ́ títí. Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá ń yan ọ̀pá ní ìsọ̀, kì í ṣe owó àti èjìká ti ara rẹ̀ nìkan ni ó ń rò. Ẹ̀mí ẹja tí kò tíì rí náà wà nínú ìrònú ọ̀hún.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Àgbálọgbábọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pá ìwọ̀ gígùn kì í ṣe ohun fáàrí. Ìwà ẹja ni ó bí i: ẹja tí ó ń tẹ̀ lé ìjẹ dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó kọ́ ènìyàn pé igun tí ó fẹ̀ ṣe pàtàkì ju ọ̀nà tí ó jìn lọ. Ọgbọ́n ọwọ́ ni ó sì mú un ṣeé ṣe, nígbà tí kábọ́ọ̀nù àti okùn tuntun dé. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kọ́ ni ọgbọ́n. Fún ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ náà, tí kò sì lè ra ju ọ̀kan ṣoṣo lọ, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 8 ààbọ̀ tí ó le, tí ó sì ń tẹ̀ dé àárín, ni yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀ jù pẹ̀lú ìnira tí ó kéré jù. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ìjẹ tí ó fẹ́ràn àti ara tirẹ̀ yóò sọ fún un bóyá kí ó fi kún un tàbí kí ó dín in kù.

Èyí tí ó kù di ọwọ́ sùúrù. Lẹ́yìn tí apẹja bá ti ju ìjẹ ní ìgbà 479 tí kò rí nǹkan kan, tí oòrùn ti ń wọ̀, tí apá ti ń ro ó, ìgbà yẹn gan-an ni ó máa ń ṣe é bíi kí ó yọ ìjẹ kúrò nínú omi láìkọ nọ́ńbà 8. Ọ̀pá tí a fi ọgbọ́n yàn ni yóò jẹ́ kí ó ṣì ní okun láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí òjìji gígùn kan ń bọ̀ láti abẹ́ ọkọ̀.